Ọba Kòsọ́kọ́: Ẹni Tí Èkó Lé, Tí Ẹ̀pẹ́ Gbà

  Àwọn olóòtú ìwé wa yìí ní kí n kọ ìtàn èèyàn pàtàkì kan tó ti kú tipẹ́, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kan agbègbè wa. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ yín ń retí ẹni ire kan, irú ẹni tí wọ́n máa ń fi orúkọ rẹ̀ pe ilé ẹ̀kọ́. Kòsọ́kọ́ ni mo mú. Ẹ fara balẹ̀ kí n sọ ìdí rẹ̀.

Ẹ̀yin náà ti rí i pé àwọn èèyàn dúdú Amẹ́ríkà, Brazil àti àwọn erékùṣù Caribbean ń wá sílẹ̀ wa báyìí, wọ́n ń wá ibi tí wọ́n ti kó àwọn baba ńlá wọn lọ. Ghana ya ọdún 2019 sọ́tọ̀ fún ìpadàbọ̀ wọn. Ní 2024, ìjọba orílẹ̀-èdè Benin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ṣe òfin pé ẹni tó bá lè fi hàn pé ìran àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú ni òun lè di ọmọ orílẹ̀-èdè wọn. Ní tiwa, Àgbádárìgì ni a máa ń mú àwọn àlejò náà lọ. Wọ́n á rí ọjà ẹrú Vlekete, wọ́n á rí ilé tí Seriki Williams Abass ń kó ẹrú sí, wọ́n á wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí erékùṣù Gberefu, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á sunkún, wọ́n á padà sí hòtẹ́ẹ̀lì.

Ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká má tan ara wa. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún títí di 1851, Èkó ló gba ipò iwájú nínú òwò yìí ní etíkun wa. Àwọn tó ṣe ìṣirò àkọsílẹ̀ ọkọ̀ ẹrú sọ pé àwọn tí wọ́n kó jáde láti Èkó nìkan lé ní 300,000. Àwọn wọ̀nyẹn kì í ṣe ọmọ Èkó. Láti òkè ni wọ́n ti kó wọn wá, wọ́n sì gba ẹ̀bá ọ̀sà níbi tí ìwọ àti èmi ń gbé lónìí kọjá. Nítorí náà, bí ẹ bá gba àlejò, tó sì fẹ́ mọ ojú ọ̀nà gan-an, ẹ mú un gba Ìkòròdú, ẹ gba Ìmọ́tà, ẹ gba Ìtòìkín, kí ẹ já sí Ẹ̀pẹ́. Níbẹ̀ ni yóò ti bá apá ìlú kan tí wọ́n ń pè ní Èkó Ẹ̀pẹ́. Bó bá bi yín pé kí ni Èkó ń ṣe láàárín Ẹ̀pẹ́, orúkọ ẹnì kan ṣoṣo ni ìdáhùn.

Orúkọ àbíkú ni Kòsọ́kọ́. Ẹni tó bá gbọ́ èdè wa dáadáa mọ̀ pé kò sí ọkọ́ ni wọ́n ń sọ, pé kò sí ọkọ́ tí wọ́n máa fi gbẹ́ ilẹ̀ sin ọmọ náà, kó yáa jókòó. Ó sì jókòó lóòótọ́, ó jókòó débi pé odindi ìlú ò rójú sùn. Ọmọ Ọba Ọ̀ṣìnlókun ni, ọmọ-ọmọ Ọba Ológun Kútéré. Láti ayé Ológun Kútéré ni òwò ẹrú ti bẹ̀rẹ̀ sí í mú Èkó lówó. Nígbà tí Ológun Kútéré kú, Adélé ọmọ rẹ̀ jọba. Ní nǹkan bí 1821, Ọ̀ṣìnlókun tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n Adélé gba orí oyè mọ́ ọn lọ́wọ́, Adélé sì kó lọ sí Àgbádárìgì. Inú ilé tí ẹ̀gbọ́n ti ń lé àbúrò, tí àbúrò ń ṣọ́ ìgbà tí òun máa padà, ni Kòsọ́kọ́ ti dàgbà.

Ẹ jẹ́ kí n yà bàrá díẹ̀. Ayé Ọ̀ṣìnlókun yìí náà ni wọ́n mú ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Àjàyí wá sí Èkó. Wọ́n kó o ní Òṣogùn ní 1821, wọ́n sì tà á káàkiri kó tó dé etí ọ̀sà. Ní April 1822, wọ́n kó o sínú ọkọ̀ àwọn Potogí tó ń jẹ́ Esperança Félix. Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì kan, Myrmidon, ló gbà wọ́n lójú òkun, ó sì gbé wọn lọ sí Freetown. Samuel Àjàyí Crowther nìyẹn, tó wá di bíṣọ́ọ̀bù ní 1864. Ẹ fi orúkọ yẹn sọ́kàn, a máa padà bá a.

Ọmọ tiwa kan náà wà, ọ̀pọ̀ wa ni kò sì mọ̀ ọ́n. Oṣífẹ́kúndé ni wọ́n ń pè é, ará Màkún ní agbègbè Ẹ̀pẹ́. Oníṣòwò ni. Ní June 1820, àwọn olè orí omi mú un nígbà tó ń lọ lójú ọ̀sà níhà Mahin, wọ́n tà á, ó sì di ẹrú ní Brazil fún nǹkan bí ogún ọdún dín díẹ̀. Ọ̀gá rẹ̀ mú un lọ sí Paris. Ibẹ̀ ni ọ̀mọ̀wé Faransé kan tó ń jẹ́ d'Avezac ti rí i, tó jókòó tì í, tó bi í léèrè nípa ìlú rẹ̀, ọjà ibẹ̀, ọba ibẹ̀, orúkọ ọjọ́ àti oúnjẹ. Ní 1845, d'Avezac tẹ ìwé jáde nípa àwọn Ìjẹ̀bú, ohun tí Oṣífẹ́kúndé sọ fún un ló sì kún inú rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn àkọsílẹ̀ àkọ́kọ́ tó kún nípa Ìjẹ̀bú nìyẹn, ẹnu ẹrú kan ló sì ti jáde. Ọdún yẹn gan-an, 1845, ni Kòsọ́kọ́ gorí oyè ní Èkó.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ rẹ̀. Ọ̀ṣìnlókun kú ní 1829. Ìdéwù Òjúlàrí, ẹ̀gbọ́n Kòsọ́kọ́, ló jọba. Inú ìlú ò dùn sí i, wọ́n ránṣẹ́ sí Ọba Bìní, ọ̀rọ̀ sì dé ibi tí Ìdéwù fi gbé májèlé jẹ. Wọ́n wá lọ pe Adélé padà láti Àgbádárìgì. Adélé ò pẹ́ lórí oyè tó fi kú ní 1837. Ojú Kòsọ́kọ́ wà lára oyè náà, àmọ́ ọkùnrin kan dúró lójú ọ̀nà: Elétù Òdìbò, olórí àwọn afọbajẹ. Ọ̀rọ̀ obìnrin ló dá ìjà sílẹ̀ láàárín àwọn méjèèjì. Ọmọbìnrin tí wọ́n ti fẹ́ fún Elétù ni Kòsọ́kọ́ lọ gbà. Ẹ̀yin ọkùnrin inú wa, ẹ ò lè sọ pé ẹ ò mọ irú ìjà bẹ́ẹ̀. Olúwọlé, ọmọ Adélé, ni Elétù fi jọba.

Kò tán síbẹ̀. Wọ́n fẹ̀sùn àjẹ́ kan Òpó Olú, arábìnrin Kòsọ́kọ́ tó lówó tó sì lẹ́nu, wọ́n lé e kúrò nílùú. Kòsọ́kọ́ gbé ogun dìde, èyí tí àwọn àgbà ń pè ní Ogun Ewé Kókò, wọ́n sì ṣẹ́gun rẹ̀. Ó sá lọ sí apá Ouidah àti Àjàṣẹ́. Ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ pé lẹ́yìn tó sá lọ, Elétù hú òkú ìyá rẹ̀, ó sì jù ú sínú ọ̀sà. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ìdí tí ẹnì kan fi lè di ọ̀dájú, ẹ ro èyí wò. Mi ò sọ pé kó dá a láre o.

Ní 1841, àrá sán lu ẹ̀tù ìbọn tó wà láàfin, ó bú gbàmù, Olúwọlé sì kú sínú rẹ̀. Ìlẹ̀kẹ̀ ọba tó wà lára rẹ̀ ni wọ́n fi dá òkú rẹ̀ mọ̀. Akíntóyè, àbúrò Ọ̀ṣìnlókun, ló jọba lẹ́yìn rẹ̀, ìyẹn ni pé bàbá kékeré ló jẹ́ sí Kòsọ́kọ́. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni Akíntóyè, ó fẹ́ kí ilé tòrò. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí ọmọ ẹ̀gbọ́n òun máa bọ̀ wálé. Elétù kọ̀ jálẹ̀, ó ní ewu ń bẹ, Akíntóyè ò gbọ́. Inú ọkọ̀ Domingo Martinez, ògbólógbòó oníṣòwò ẹrú ará Brazil, ni Kòsọ́kọ́ bá padà dé. Akíntóyè fún un lóyè Olója Ereko. Elétù bínú, ó kó lọ sí Àgbádárìgì. Akíntóyè tún pe Elétù padà. Ẹni tó kó ológbò àti ekuté sínú yàrá kan kò gbọdọ̀ retí pé òun máa sùn.

July 1845 ni ìjà bẹ́, ó sì gba bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ogun Olómirò ni wọ́n ń pè é, nítorí wọ́n dínà omi mọ́ àwọn èèyàn ọba títí wọ́n fi ń mu omi iyọ̀. Akíntóyè rí àyè sá gba orí omi lọ sí Abẹ́òkúta, ọ̀pọ̀ sì gbà pé Ọ̀ṣódì Tápà, olórí ogun Kòsọ́kọ́, ló mọ̀ọ́mọ̀ ṣíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Elétù ò rí irú àyè bẹ́ẹ̀. Wọ́n mú un, wọ́n fi ikú oró pa á, inú ọ̀sà ni wọ́n sì ju òun náà sí. Báyìí ni Kòsọ́kọ́ ṣe jọba.

Ọ̀ṣódì Tápà yìí tó odindi ìwé. Ọmọ Tápà ni, wọ́n mú un wá sí Èkó lẹ́rú nígbà tó wà ní kékeré, ó sì di ti Ọ̀ṣìnlókun. Ọba rán an lọ sí Brazil kó lọ kọ́ èdè Potogí àti ọgbọ́n òwò. Ó lọ, ó sì padà bọ̀. Ẹrú tó ré òkun kọjá, tó tún padà wá di agbowó orí ọjà ọba, tó di balógun, tó di olówó, tó ní ẹrú tirẹ̀. Nígbà tí àlejò yín láti Amẹ́ríkà bá bi yín pé ṣé gbogbo ẹni tó wọ ọkọ̀ ló lọ tí kò bọ̀, ẹ sọ ìtàn Ọ̀ṣódì fún un, kí ẹ sì fara balẹ̀ sọ ọ́, nítorí kò rọrùn láti gbọ́.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ bí òwò náà ṣe ń lọ, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti kan ìlú wa. Ogun ló ń bí ẹrú. Láti ìgbà tí Òwu ti fọ́ ní àwọn ọdún 1820, tí Ọ̀yọ́ Ilé náà tú lẹ́yìn rẹ̀, kò sí ọdún tí ogun ò jà nílẹ̀ Yorùbá. Ẹni tí ogun kó, wọ́n á dè é mọ́ ẹlòmíràn, wọ́n á rìn wá sísàlẹ̀. Wọ́n á dé àwọn ọjà etí ọ̀sà: Ìkòròdú, Ìkòsì, Ẹ́jìnrìn, Ẹ̀pẹ́. Àwọn tó ń ta ẹrú ní àwọn ọjà yìí kì í ṣe òyìnbó. Àwa ni. Wọ́n á tún kó wọn sínú ọkọ̀ ọlọ́pọ́n lọ sí Èkó, níbi tí àwọn ará Brazil àti Potogí ti ń dúró pẹ̀lú tábà Bahia, ọtí, aṣọ, ìbọn àti owó ẹyọ. Ọba ń gba owó tirẹ̀ lórí ọjà, àwọn ìjòyè ń gba tiwọn. Ìkòròdú tí a mọ̀ sí oko odù láyé àwọn tó tẹ̀ ẹ́ dó ti di ẹnu ọ̀nà Rẹ́mọ sí ọ̀sà nígbà náà.

Láyé Kòsọ́kọ́ ni òwò yìí gbóná jù ní Èkó, bẹ́ẹ̀ Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti fòfin de òwò ẹrú fún àwọn èèyàn tirẹ̀ láti 1807, àwọn ọkọ̀ ogun wọn sì ń ṣọ́ òkun. Èrè rẹ̀ pọ̀ débi pé ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ kan ṣoṣo bá já mọ́ wọn lọ́wọ́ ti rí owó púpọ̀. Ibi tí wọ́n ń kó wọn lọ ni Bahia, níbi tí wọ́n ti ń pe àwọn èèyàn wa ní Nàgó, àti Cuba, níbi tí wọ́n ti ń pè wọ́n ní Lukumí. Ní January 1835, àwọn Nàgó tó jẹ́ Mùsùlùmí gbé ìjà dìde sí àwọn ọ̀gá wọn ní Bahia. Lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn kan lára àwọn tó ti gbòmìnira bẹ̀rẹ̀ sí í padà wá sí etíkun wa, àwọn tí à ń pè ní Àgùdà.

Akíntóyè kò jókòó lásán nígbèkùn. Láti Abẹ́òkúta ó lọ sí Àgbádárìgì, ó sì ránṣẹ́ sí àwọn Gẹ̀ẹ́sì pé bí wọ́n bá dá òun padà sórí oyè, òun á pa òwò ẹrú rẹ́. Àwọn míṣọ́nnárì gbè é lẹ́yìn. Ní 1851, Crowther wà ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù, wọ́n sì mú un dé iwájú Ọbabìnrin Victoria àti ọkọ rẹ̀, níbi tó ti sọ ọ̀rọ̀ Èkó àti òwò ẹrú fún wọn. Ẹ wo bí ayé ṣe ń yí. Ọmọ tí wọ́n tà ní Èkó láyé bàbá Kòsọ́kọ́ ló wà nínú àwọn tó jẹ́rìí ta ko ọmọ ní ààfin Gẹ̀ẹ́sì. Ká má sì purọ́, kì í ṣe àánú ẹrú nìkan ló ń da àwọn òyìnbó láàmú. Wọ́n fẹ́ epo pupa, wọ́n sì fẹ́ ẹnu odò Èkó tó jẹ́ ojú ọ̀nà sí òkè. Ohun méjèèjì ló wà níbẹ̀, ẹni tó bá sọ ọ̀kan tó fi ìkejì pamọ́ kò tíì sọ ìtàn.

Ní November 1851, Kọ́ńsù Beecroft wá bá Kòsọ́kọ́ pé kó fọwọ́ sí ìwé àdéhùn. Kòsọ́kọ́ kọ̀. Ọjọ́ 25 oṣù náà, àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbógun wọlé, wọ́n sì lé wọn padà. Wọ́n lọ múra sí i. Wọ́n ṣe Kérésìmesì tiwọn tán lójú omi, ó di ọjọ́ kejì, ọjọ́ 26 December, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yin àgbá. Ogun Agídíngbì ni àwọn ará Èkó ń pè é, àwọn mìíràn ń pè é ní Ogun Àhóyaya. Àwọn ọmọ ogun Kòsọ́kọ́ ti to àgbá àti odi igi sí etí omi, Ọ̀ṣódì ló wà níwájú wọn, wọ́n sì jà gan-an débi pé wọ́n pa àwọn òyìnbó, wọ́n sì ṣe ọ̀pọ̀ wọn léṣe. Àmọ́ iná ọta mú ilé, ìlú ń jó. Kí ilẹ̀ ọjọ́ 28 tó mọ́, Kòsọ́kọ́ àti àwọn èèyàn rẹ̀ ti kó sínú ọkọ̀ ọlọ́pọ́n, wọ́n ti bá ọ̀sà lọ. Akíntóyè padà sórí oyè, ó sì fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ní ọjọ́ kìíní January 1852.

Ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ni Kòsọ́kọ́ forí lé. Awùjalẹ̀ Aníkìláyà gbà á, ó sì fún un láyè ní Ẹ̀pẹ́. Òun nìkan kọ́ ló dé o. Àwọn ìjòyè rẹ̀ wà níbẹ̀, àwọn jagunjagun, àwọn ìyàwó, ọmọ, ẹrú, àti ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí Èkó, nítorí ó fẹ́ràn wọn, wọ́n sì fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ̀pẹ́ tó jẹ́ ìlú apẹja àti ọlọ́jà wá gba àwọn àlejò tó lè jagun, tó lè ṣòwò, tí ẹ̀sìn wọn tún yàtọ̀. Ibẹ̀ ni Ẹ̀pẹ́ ti di ìhà méjì, Ìjẹ̀bú Ẹ̀pẹ́ àti Èkó Ẹ̀pẹ́. Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni àárín àwọn méjèèjì ń gún, ẹ̀yin ọmọ Ẹ̀pẹ́ mọ̀ ju èmi lọ, n ò ní dá sí i níbi àsè.

Kòsọ́kọ́ ò gbà pé òun ti lọ nìyẹn. Ní August 1853 ó rán ogun sí Èkó, wọ́n lé wọn padà. Akíntóyè kú ní September ọdún yẹn, Dòsùnmú ọmọ rẹ̀ sì jọba. Lẹ́yìn náà Kọ́ńsù Benjamin Campbell rí i pé ẹni tó wà ní Ẹ̀pẹ́ kò ṣeé fojú fò. Ní 28 September 1854 wọ́n ṣe àdéhùn ní Ẹ̀pẹ́. Kòsọ́kọ́ gbà pé òun ò ní bá Èkó jà mọ́, òun á sì jáwọ́ nínú òwò ẹrú. Àwọn náà gbà pé tirẹ̀ ni Palma, ìyẹn Orímẹdú, àti Lẹ́kkí láti máa fi ṣe èbúté, àti pé yóò máa gba ẹgbàá owó ẹyọ lọ́nà 2,000 lọ́dọọdún, tàbí dọ́là 1,000, èyí tó bá wù ú. Bẹ́ẹ̀ ni ọba tó kọ̀ láti fọwọ́ sí ìwé ní 1851 ṣe fọwọ́ sí i lọ́dún mẹ́ta lẹ́yìn náà, epo pupa sì gba ipò ẹrú nínú òwò rẹ̀. Owó orí epo tó ń jáde ní Palma ló fi ń bọ́ àwọn èèyàn rẹ̀.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ le sí fún mi, mo sì fẹ́ kí ẹ bá mi rò ó. Bí àlejò wa láti Bahia bá dé Ẹ̀pẹ́, tó bá wọn níbi tí wọ́n ti ń jó, tí wọ́n ń fi ìlù kí Kòsọ́kọ́, kí ni ká sọ fún un? Àwọn kan á ní ká sọ pé akọni tó bá òyìnbó jà ni, ká sì pa ìyókù mọ́. Mi ò fara mọ́ ọn. Àlejò náà ò ná owó ọkọ̀ òfuurufú wá gbọ́ ààbọ̀ ọ̀rọ̀. Àwọn mìíràn á ní ká má tilẹ̀ dárúkọ Kòsọ́kọ́, pé ìtìjú ni. Èyí náà ò dáa, nítorí bí a bá yọ ọ́ kúrò, ta ni a ó sọ pé ó ta àwọn èèyàn? Ẹ má sì jẹ́ ká di gbogbo ẹrù lé e lórí nìkan. Ẹfúnróyè Tinúbú tó ti Akíntóyè lẹ́yìn ta ẹrú, kó tó di pé Kọ́ńsù Campbell lé e kúrò ní Èkó ní 1856. Àwọn ọlọ́jà etí ọ̀sà wa ta ẹrú. Ní ilé mìíràn nínú agbègbè wa, ẹni tó tà àti ẹni tí wọ́n rà jọ di ìdílé kan, orúkọ kan náà ni wọ́n ń jẹ́ lónìí, kò sì sẹ́ni tó ń bi wọ́n. Ohun tí mo máa sọ fún àlejò ni gbogbo rẹ̀, láti orí ìyá tí wọ́n hú títí dé orí ọjà Ẹ́jìnrìn, kó fúnra rẹ̀ pinnu bóyá òun á jó tàbí òun ò ní jó.

Ìyókù ìtàn ò gùn. Ní 6 August 1861, àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó lọ́wọ́ Dòsùnmú pátápátá. Wọ́n ti rí i pé Kòsọ́kọ́ ò lè ṣe wọ́n ní nǹkan mọ́, wọ́n sì fẹ́ èbúté rẹ̀. Ní 1862 wọ́n jẹ́ kó padà sí Èkó, kì í ṣe bí ọba o, bí ìjòyè tó ń gba owó ọdọọdún ni, pọ́n-ùn 400. Ní February 1863 ó fi Palma àti Lẹ́kkí lé wọn lọ́wọ́. Ọ̀ṣódì àti ọ̀pọ̀ àwọn tó ti wà ní Ẹ̀pẹ́ bá a padà, wọ́n sì fún wọn nílẹ̀ ní Èkó. Wọ́n pe ibẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó. Ẹ̀yin tí ẹ bá rántí 11 June 1994, ibẹ̀ ni MKO Abíọ́lá ti kéde pé òun ni ààrẹ. Bẹ́ẹ̀ ni Èkó ṣe wà nínú Ẹ̀pẹ́, tí Ẹ̀pẹ́ sì wà nínú Èkó.

Ẹ̀yin ará Ìkòròdú, ẹ má rò pé mo ti gbàgbé yín. Kòsọ́kọ́ ti padà sí Èkó nígbà tí àwọn Ẹ̀gbá dó ti Ìkòròdú torí ọ̀rọ̀ òwò àti ojú ọ̀nà. Ní 29 March 1865, Gómìnà Glover rán ọmọ ogun lọ tú wọn ká. Lára àwọn tó jà ni ẹgbẹ́ ọmọ ogun West India, àwọn èèyàn dúdú láti erékùṣù Caribbean. Ẹ gbọ́ mi yé o: ìran àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú kọjá òkun ti padà dé Ìkòròdú ní 1865 nínú aṣọ ológun, kí ẹnikẹ́ni tó máa sọ̀rọ̀ ìrìn àjò ìrántí. N ò rí kí ẹnikẹ́ni mú àlejò dé ibi tí ogun náà ti jà, bẹ́ẹ̀ kò ju ìrìn wákàtí kan lọ láti èbúté Ìpakòdó lọ́jọ́ tí ọkọ̀ ò bá dí ọ̀nà.

Ọ̀ṣódì kú ní 1868. Kòsọ́kọ́ kú ní 1872, wọ́n sì sin ín sí ilé rẹ̀ ní Ereko, ní ìlú tó fi gbogbo ayé rẹ̀ jà fún. Ogún ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀, ní 1892, Ẹ̀pẹ́ ni àwọn ọmọ ogun òyìnbó gúnlẹ̀ sí kí wọ́n tó lọ bá Ìjẹ̀bú jà ní Ìmàgbọ̀n, ọmọ ìlú tó gba Kòsọ́kọ́ sílé sì tún gbọ́ ìró àgbá lẹ́ẹ̀kan sí i.

Àwọn ọmọ Èkó Ẹ̀pẹ́ ṣì ń ṣe ọdún Káyókáyó láti fi rántí ìgbà tí Kòsọ́kọ́ àti àwọn èèyàn rẹ̀ dé. Orúkọ ọdún náà ti sọ ohun tí wọ́n ń ṣe: ká jẹ ká yó. Wọ́n ń dáná, wọ́n ń gbàlejò, àwọn ọmọ wọn ń ti ìdálẹ̀ bọ̀. Ìjẹ̀bú Ẹ̀pẹ́ náà ní Òkòṣì tiwọn, pẹ̀lú ìdíje ọkọ̀ ojú omi. Ẹni tó bá fẹ́ mú àlejò wá rí Káyókáyó, kó mọ̀ pé ẹ̀yìn Iléyá ló máa ń bọ́ sí, ọjọ́ rẹ̀ sì ń yí lọ́dọọdún bí oṣù Mùsùlùmí ṣe ń yí. Kó kọ́kọ́ béèrè ọjọ́ náà lọ́wọ́ ará Èkó Ẹ̀pẹ́ kan nínú wa kó tó ní kí ẹnikẹ́ni ra tíkẹ́ẹ̀tì.